Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá, Náírà Mẹ́wàá

Ní Mọ́níyà, lẹ́yìn Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá kan wà tí wọ́n máa ń kó kẹ̀kẹ́ wá sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Baba Oníkẹ̀kẹ́ là ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ní orúkọ mìíràn, àwa ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ní, kò sì sí èyí tó jọra nínú wọn. Méjì kéré. Ọ̀kan jẹ́ ti géńdé, tó ní irin gbọọrọ láàárín. Àwọn ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì tólẹ̀ máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin yẹn kí wọ́n tó lè wà á, ara wọn á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kẹrin ò ní bíréèkì. Bàtà ni bíréèkì rẹ̀: tóo bá fẹ́ dúró, wàá gbé ẹsẹ̀ lé táyà ẹ̀yìn. Ìyá tó bá ti rí sílípáàsì ọmọ rẹ̀ tó jẹ láàárín, ó ti mọ ibi tọ́mọ náà ti ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o. Lóde òní, tóo bá ní "kẹ̀kẹ́" n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa rò, èyí tó gba orúkọ lára Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ẹni tó dé lẹ́yìn ti gba orúkọ mọ́ ẹni tó dé ṣáájú lọ́wọ́.

Baba Oníkẹ̀kẹ́ ní aago ọwọ́ kan tí okùn rẹ̀ ti já, inú àpò ni wọ́n máa ń fi í sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, náírà mẹ́wàá. Ẹni tí ò bá ní ju náírà márùn-ún lọ á gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí ò bá ní rárá á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ìwọ wà á lọ, èmi wà á bọ̀. Tí àkókò bá pé, bàbá á kígbe pé "Ó ti tó o!" Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á ṣe bíi pé òun ò gbọ́, á tún yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá mọ̀ pé ó gbọ́. Òun náà mọ̀ pé bàbá mọ̀.

Ẹ wo ìlà tó máa ń wà níwájú kẹ̀kẹ́ mẹ́rin yẹn. Ọmọ lọ́yà àdúgbò wa wà níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ní mọ́tò méjì. Ọmọ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kéú wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà funfun, ọmọ pásítọ̀ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Hausa àti Ígbò tí òbí wọn ń ṣòwò létí títì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí èyí tí bàbá rẹ̀ lè ra kẹ̀kẹ́ fún, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ kan tiẹ̀ wà ní ilé alájà kan nísàlẹ̀ títì, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Inú pálọ̀ ni kẹ̀kẹ́ yẹn wà, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ò tíì kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ò jẹ́ kó gbé e jáde nítorí olè. Òun náà ń wá háyà lọ́dọ̀ Baba Oníkẹ̀kẹ́.

Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí gbogbo ọmọ lè rí kẹ̀kẹ́ gùn, olówó o, tálákà o, ìlà yẹn ni mo máa ń rí lójú mi. Kò sí ẹni tó ṣe ìpolongo fún un. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò. Bàbá kan kàn gé kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń gé iṣu tí èèyàn ò lè rà lódindi, gbogbo ọmọ sì rí tirẹ̀ rà.

Gbogbo ọmọkùnrin, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí kò sí ọmọbìnrin kankan lórí ìlà yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 2002. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún méjì jù mí lọ, ó sì ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn débi pé ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bá a di bàtà rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan mo ní èmi náà fẹ́ gùn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní kí n má gùn ún. Mo fi owó ìpápánu pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó pé náírà mẹ́wàá. Baba Oníkẹ̀kẹ́ wo owó náà, wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Dì í mú dáadáa o." Ohun tí wọ́n sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò lé mi. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń sáré, ó ń pariwo pé, "Wo iwájú! Má wo ilẹ̀!" Mo wo ilẹ̀. Mo ṣubú. A tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń jìnnà sí mi, mo sì mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sílẹ̀, èmi nìkan ló kù. Láti ibi àpáta kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí dé ìdí igi máńgòrò ni mo gùn ún dé. Kò lè ju ogójì ìgbésẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá jí mi lóru òní, mo lè júwe afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn fún yín.

Ìdí máńgòrò yẹn náà ni ìyá àdúgbò wa kan ti rí mi. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé.

Màmá mi ò lù mí. Ó sàn kí wọ́n lù mí. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo na orúnkún mi tó bó sí wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn làwọn ń wí. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́, pé kẹ̀kẹ́ lè gba ìbálé ọmọ, kí ojú sì ti gbogbo ìdílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n sọ ìtàn agbè ẹmu tí kò kún fún mi, èyí tí ìdílé ọkọ máa ń gbé ránṣẹ́ sílé ìyàwó láyé àtijọ́ tí wọn ò bá bá a nílé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbálé. Mo kàn mọ̀ pé nǹkan kan wà lára mi tó lè dà nù tí mo bá gun kẹ̀kẹ́, àti pé èmi ò ní mọ̀ nígbà tó bá dà nù.

Mi ò bínú sí màmá mi. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn náà ni wọ́n sọ fún mi. Àgbà ni mo dà kí n tó kà á pé kò sí dókítà kankan tó lè yẹ obìnrin wò kó sì sọ bóyá ó ti mọ ọkùnrin tàbí kò tíì mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ jáde pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ò ní ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, wọ́n sì ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi òpin sí i. Nítorí náà, ohun tí kò ṣeé yẹ̀ wò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà yẹn.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe eré Sátidé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì, bàbá wa ra tòkunbọ̀ kan fún un. Ilé-ìwé kan náà la jọ ń lọ. Bí wákàtí kan ni mo fi ń rìn ín. Òun á jẹun tán, á wọ bàtà, á kọjá lára mi lọ́nà, á tẹ agogo kẹ̀kẹ́ fún mi. Tó bá dé, á ti fi ẹ̀yìn ti ògiri kíláàsì kí èmi tó dé ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn tó pẹ́ gé koríko. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jìnnà jù mí lọ, láti abúlé kan nínú oko ló ti ń rìn wá. A máa ń pàdé ní oríta, a jọ máa ń lọ. Ní JSS 2, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó di mẹ́ta, ó di ìgbà tí òjò ò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọjá ní oríta yẹn. Kò sí ẹni tó lé e kúrò nílé-ìwé. Ọ̀nà ló lé e. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí báyìí, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Òun ló máa ń ṣe ìṣirò fún mi.

Ẹ gbọ́, ìpínlẹ̀ kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Bihar. Ìṣòro ọ̀rẹ́ mi yẹn gan-an ni wọ́n ní, ìlọ́po ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọbìnrin ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì lọ síwájú, torí ilé-ìwé tó kàn jìnnà. Ní 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó rúpíì 2,000 kí ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash, tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn láti mọ bóyá ó ṣiṣẹ́. Iye àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ sẹ́kọ́ńdìrì lásìkò tó yẹ fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àlàfo tó wà láàárín wọn àtàwọn ọmọkùnrin sì fi ìdá 40 dín kù. Àwọn tí ilé-ìwé wọn jìnnà tó kìlómítà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jàǹfààní jù. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sí kíṣìnnì, mo kàn dúró síbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń gùn ún lọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ ń yí ojú tí ìlú fi ń wo obìnrin lórí kẹ̀kẹ́ padà. Ìyá ìdí máńgòrò ì bá rẹ́ni pàdé ní Bihar.

Èmi fúnra mi kọ́ kẹ̀kẹ́ ní 2019, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ lańlọ́ọ̀dù mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló kọ́ mi. Kò di ìjókòó mú bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé sípánà, ó tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, ó sì sọ fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé, "Ti ọ̀tún, ibi téèyàn ti ń tú gbogbo nǹkan náà lẹ ti máa tú u. Ti òsì, òdì ni." Òótọ́ sì ni, wọ́n gé òjé ti òsì sí òdì kí ó má baà máa tú fúnra rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wà á. Ó wá sọ ìjókòó kalẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì fi tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ní kí n máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí n sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní, "Àǹtí, ilẹ̀ ò jìnnà." Lọ́jọ́ kejì mo ti ń lọ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó dá pẹ́dà padà. Mo sunkún, mo sì purọ́ fún un pé kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

Ní 2024 ni mo padà sí pápá Mọ́níyà. Mo ra tòkunbọ̀ méjì. Ọ̀kan nínú wọn, ti ọmọdé, gba náírà 65,000 lọ́wọ́ mi, lọ́dún tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí jẹ́ náírà 70,000. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún òbí tó ní ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gùn lọ sílé-ìwé, tó ti dípẹtà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Táyà, túùbù àti ṣéènì ni mo pààrọ̀. Agogo rẹ̀ ṣì ń dún. Olórí ilé-ìwé ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, wọ́n fún mi ní pápá ní ọ̀sán Sátidé.

Ọ̀fẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe mi nìyẹn. Mo rò pé ìtìjú ni kí n máa gbowó lọ́wọ́ ọmọ kékeré. Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gba kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gùn ún títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kékeré dúró, wọ́n ń wò wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sílé. Ọmọbìnrin méjì péré ló wá, wọn ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ṣéènì méjì ti já, sípóòkì ti tẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ṣe é. Mo fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí aago inú àpò. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ròyìn Baba Oníkẹ̀kẹ́, owó pọ́ọ́kú ni mo rò pé ó ṣí pápá yẹn sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Owó ràn án lọ́wọ́, àmọ́ aago gan-an ló ṣe é. "Ó ti tó o!" ni kì í jẹ́ kí ọmọ lọ́yà jókòó sórí kẹ̀kẹ́ títí alẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́kọ máa wò ó. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láìsí ẹni tó ń wo aago, alágbára ló máa ń jogún rẹ̀. Mo sì lè fi ojú ara mi rí ẹni tí alágbára yẹn jẹ́: ọmọkùnrin tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn tẹ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, mo gbé iye lé e: náírà 50, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ò ní owó á fọn táyà, tàbí kó fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, tàbí kó di ìjókòó mú fún ẹni tó ń kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gígùn. Wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin nìkan. Bàbá kan wá bá mi jà lórí ìyẹn. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọkùnrin àwọn á máa dúró bí ẹni tó ṣẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní èmi náà dúró, sà, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi dúró. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò mú ọmọ wọn kúrò.

Ọmọbìnrin kan, ọlọ́dún méjìlá, tó máa ń wọ híjáàbù dé orúnkún, ló yára mọ̀ ọ́n jù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di pé òun ló ń kọ́ àwọn tó kù. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ àgbà tẹ̀lé e wá, igbá ẹ̀pà wà lórí wọn. Mo mọ ojú yẹn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ lo ń kọ́ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ìyá ẹ mọ̀?"

Mo ní wọ́n mọ̀. Wọ́n sọ igbá kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó máa ń ṣe ọmọbìnrin ní nǹkan. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún àgbàlagbà, mo ń wo ilẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọkọ àwọn ní, òun ni wọ́n fi ń gbé àwọn lọ sóko, àwọn á jókòó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá kan. "Ọdún mélòó la fi gùn ún! Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń ṣe obìnrin ní nǹkan. Àbí iwájú nìkan ló ń ṣe é?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Àdéhùn wọn ni pé kí ọmọ wọ ṣòkòtò sábẹ́ gáùn rẹ̀, kí ó sì ká híjáàbù sókè kí ṣéènì má baà gbá a mú, àti pé àwọn á máa jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wá. Orí ìlà kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀pà wọn ti ń tà jù.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọmọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára. Òun ni mo gbé aago lé lọ́wọ́, ó sì le ju Baba Oníkẹ̀kẹ́ lọ. Tó bá ní ó ti tó, ó ti tó nìyẹn. Àwọn òbí ń yìn mí pé mo rí ipò fún un. Èmi ò yin ara mi. Kì í ṣe aago ló bá wá sí pápá. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà, ẹ ó ti rí i lójú títì rí. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan lẹ́bàá ọjà, wọ́n ti wọn gígùn apá rẹ̀, owó irin ni a ń wá. Ó máa ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ibi tó dé. Ó ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ̀.

Mo fi fídíò hàn wọ́n lórí fóònù. Mo fi Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, hàn wọ́n, aláwọ̀dúdú ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìpele kan nínú Tour de France. Ìpele mẹ́ta ló gbà ní 2024, ó sì gbé ẹ̀wù àwọ̀ ewé lọ sílé. Mo fi ìdíje àgbáyé ti Kigali hàn wọ́n, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé ìdíje ojú títì yẹn wá sí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Ese Ukpeseraye, torí ìtàn rẹ̀ jọ tiwa. Ó lọ sí Òlíḿpíìkì Paris ní 2024 fún Nàìjíríà, ó kópa nínú ti ojú títì, wọ́n ní ó tún ní àyè nínú ti orí pápá, sprint àti keirin. Ìkéde náà pẹ́ débi pé kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Ikọ̀ Jámánì ló yá a ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí tán, ọmọ tó di aago mú bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún un?"

Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú ni èyí tí ọmọ oníhíjáàbù yẹn bi mí lóṣù tó kọjá: "Àǹtí, ìgbà wo la máa jáde ní pápá?" Nítorí kì í ṣe pápá ló ń gbé. Ilé-ìwé rẹ̀ tuntun jìnnà, ó fẹ́ẹ̀ tó ibi tí tèmi jìnnà dé. Wọ́n ti tún títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ṣe, wọ́n ṣe é tán ní 2021, nǹkan bíi kìlómítà 65. Ó dán, gbogbo wa la yìn ín. Ṣùgbọ́n níbi tí èmi ń gbà lára rẹ̀, mi ò rí ọ̀nà kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, bí títì sì ṣe dán tó ni àwọn awakọ̀ ṣe ń sáré tó. Mo kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tó lè gbé e dé ilé-ìwé láàárín ìṣẹ́jú ogún, mo wá ń sọ fún un pé kó má gbé e débẹ̀.

A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí àwọn ọlọ́jà tó jí, èmi àti ọmọbìnrin méjì, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta. Akoto méjì péré ni mo ní, àwọn ọmọ ni mo fún. A gùn ún tó kìlómítà méjì. Òórùn koríko tútù wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Tírélà kan dé lẹ́yìn wa, ó fọn fèrè, ọmọ kejì ṣẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, ó já sínú koríko. Nǹkan kan ò ṣe é, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló bó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. A tì wọ́n padà sílé.

Mo rò pé wọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn wá mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ìyá àgbà gbé igbá ẹ̀pà wọn kalẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń gbé e sí. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n di ẹ̀pà ogún náírà kan fún mi láìgba owó, wọ́n sì bi mí ìgbà tí a tún ń jáde, kí àwọn lè mọ àárọ̀ tí àwọn á tètè dáná.

Mi ò tíì dá wọn lóhùn.